Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ dá àpérò sílẹ̀: ẹ fi pèpéle sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ yín

Sí àwọn olóyè ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko, ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko àti ẹ̀ka ìmọ̀ àyíká ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ̀yin àbúrò mi,

Mo kí yín o, mo sì kí àwọn olùkọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ti dé etí mi pé àwọn kan láàárín yín ń gbèrò láti dá àpérò kan sílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn yóò máa darí, tí yóò sì dá lórí ẹkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí àwọn ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń bá ara wọn àti àyíká wọn gbé, àti lórí ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó nínú ọ̀pọ̀ àpérò tí wọ́n fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ pè tó jẹ́ pé àwọn àgbà ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo yín kí ẹ tó tẹ ìwé ètò jáde. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún: ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò tí ẹ ní, kí gbogbo nǹkan yòókù wá àyè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ bí ètò wa ṣe sábà máa ń rí. Ìwé ìpè á ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ṣùgbọ́n a kò ní bẹ̀rẹ̀ títí alága ayẹyẹ yóò fi dé. Nígbà tó bá dé, a ó gbàdúrà, a ó kọ orin orílẹ̀-èdè, a ó kọ ti yunifásítì, a ó wá máa pe àwọn èèyàn pàtàkì síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì ka ìtàn ìgbésí ayé olùdánilẹ́kọ̀ọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé oyè tí wọ́n fi dá a lọ́lá ní ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni àmì-ẹ̀yẹ, lẹ́yìn àmì-ẹ̀yẹ ni fọ́tò, lẹ́yìn fọ́tò ni ìpápánu, bí wọ́n bá sì ti pín ìpápánu tán, gbọ̀ngàn á dá páropáro. Ìgbà náà ni wọ́n tó máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní iṣẹ́ láti gbé kalẹ̀ wá síwájú, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, mo rí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ti fi odindi àsìkò òjò máa ń lọ sí etí odò kékeré tó gba inú ọgbà wọn kọjá ní alaalẹ́, tó ń tẹ́tí sí ọ̀pọ̀lọ́, àkèré àti kọ̀ǹkọ̀ tó ń ké níbẹ̀, tó sì ń kọ oríṣi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, lókè ibi tí omi ìdọ̀tí láti ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣàn wọ inú odò náà àti nísàlẹ̀ ibẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́yán lórí ni. Àwòrán tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀, èyí tó fi hàn pé a kì í gbọ́ ohùn àwọn oríṣi kan mọ́ rárá nísàlẹ̀ ojú ìdọ̀tí yẹn, ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sára ògiri ni nígbà tí atọ́kùn ètò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀ láti kí àlejò pàtàkì kan tó ń wọlé bọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sún àga, wọ́n wá ìgò omi. Kí ẹ̀rọ tó padà dé ọwọ́ ọmọ náà, ó ku ìṣẹ́jú kan péré. Ó dúpẹ́, ó sì lọ jókòó. Ẹnì kankan kò bi í ní ìbéèrè. Ohun tó dùn mí jù ni pé ojú rẹ̀ kò fi ìyàlẹ́nu hàn. Ó jọ pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí yóò ṣe rí nìyẹn.

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́ pé mo ń kọ́ yín láti rí àgbà fín. Àwọn olùkọ́ yín wúlò fún àpérò yìí ju bí wọ́n ṣe wúlò lórí pèpéle lọ. Ìlà àga kejì tàbí ìkẹta ni kí ẹ fi wọ́n sí, pẹ̀lú báírò àti ìwé lọ́wọ́, kí wọ́n gbọ́ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n sì béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ kò ní mọ̀ láti béèrè: báwo lo ṣe mọ̀ pé òjò kọ́ ló fà á? Ibi mélòó lo ti kà wọ́n? Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní ohùn pẹ̀lẹ́ ti ṣe oore tó ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan lọ.

Àwọn mìíràn ti ṣe ohun tí mo ń sọ yìí, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Láti ọdún 1995 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹfolúṣọ̀n ní ilẹ̀ Yúróòpù ti ní ìpàdé tiwọn, tí wọ́n ń pè ní EMPSEB. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣètò rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà ló sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀; wọ́n ń gbé e kiri láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ẹni tó bá sì wá yóò sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé gbàǹgbà kan tí yóò lẹ̀ mọ́ pátákó, kí àwọn tó ń kọjá lè dúró bi í léèrè. Wọ́n máa ń pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n díẹ̀, àwọn wọ̀nyí máa ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara iṣẹ́ tí wọ́n pè wọ́n fún ni kí wọ́n gbọ́ tàwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì sọ èrò wọn fún wọn. Ní Ontario, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ìpàdé ẹkọ́lọ́jì àti ẹfolúṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní OE3C náà wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń lọ láti yunifásítì kan sí èkejì. Ìlànà gbígbé kiri yìí bá wa mu: Ìbàdàn lè gbà á lálejò lọ́dún kan, kí Ilé-Ifẹ̀ gbà á lọ́dún kejì, kí ó kan Èkó, Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́. Ẹni tó bá jí wọ ọkọ̀ ní kùtù ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú wọ̀nyí yóò dé èkejì kí ọjọ́ tó rọ̀, bí ọ̀nà bá gbà fún un.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọdún àṣekágbá kò tíì ní ohun tó tó sọ ní àpérò. N kò gbà. Ẹ wo ẹ̀fọn tó ń fa ibà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìgbákọ, ike funfun àti sùúrù lè bu tanwíjí láti inú omi òjò tó dá sí ojú ipa táyà ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kí ó tọ́ wọn nínú yàrá ìwádìí títí wọn yóò fi di ẹ̀fọn tó ń fò, kí ó máa fi òwú tí a rì bọ omi ṣúgà bọ́ wọn. Bí àwọn abo bá ti tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, yóò kó nǹkan bíi 25 sínú ọpọ́n ike gígùn kan tí wọ́n fi ìwé tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn apakòkòrò permethrin tẹ́ nínú yíká. Wákàtí kan ni wọn yóò lò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò fẹ́ wọn sínú ọpọ́n mìíràn tí kò ní oògùn, yóò fún wọn ní omi ṣúgà, yóò sì padà wá ní wákàtí 24 láti ka òkú àti alààyè. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kú, oògùn ṣì ń pa wọ́n. Bí àwọn tó kú kò bá tó 90, ẹ̀fọn àdúgbò yẹn ti borí oògùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe èyí ní ibi méjì, ká sọ pé lẹ́bàá oko ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti ń fọ́n oògùn kòkòrò déédéé àti ní ibi tí kò sí oko nítòsí, ti so ẹkọ́lọ́jì àti ẹfolúṣọ̀n pọ̀ nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kò sí ẹ̀fọn kan tó jókòó kọ́ bí a ṣe ń fara da oògùn. Àwọn díẹ̀ tí ìyípadà kékeré kan wà nínú jíìnì wọn, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, ní ojúkò ibi tí oògùn náà ti máa ń mú iṣan ara wọn, ni kò kú. Àwọn ló yé ẹyin, ìyípadà náà sì ń pọ̀ sí i láàárín àwọn ọmọ wọn. Nítorí pé oògùn tó jẹ́ ẹ̀yà permethrin nìkan ni wọ́n fi ń rẹ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, èsì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan gbogbo ilé tó so nẹ́ẹ̀tì mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣeni láàánú pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún ọmọ ní máàkì rẹ̀, orí pẹpẹ ìwé nínú ọ́fíìsì alábòójútó ni irú iṣẹ́ yìí máa ń wà títí ikán yóò fi dé ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹfolúṣọ̀n kì í lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láwùjọ wa. Kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó parí, ẹnì kan yóò dìde béèrè bóyá ohun tí ẹ ń sọ ni pé inú ọ̀bọ la ti wá. Ẹ má ṣe fi olùbéèrè ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọmọ pásítọ̀ tàbí ọmọ àfáà tó fi ìgboyà béèrè ohun tí ìdajì àwọn tó jókòó ń rò nínú. Ẹ dá a lóhùn pé ìmọ̀ yìí kò sọ pé ọ̀bọ tó wà lórí igi lónìí ló bí wa. Ohun tó sọ ni pé àwa àti òun ní baba ńlá kan náà ní ìgbà pípẹ́ sẹ́yìn gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ wá sílé, ẹ bi í pé kí ni jẹnotáìpù rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ béèrè bẹ́ẹ̀ ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ Nàìjíríà ló jẹ́ AS, tó sì jẹ́ pé bí òbí méjì tó jẹ́ AS bá fẹ́ra, ọmọ wọn lè jẹ́ SS, kí ó sì máa jìyà àrùn ẹ̀jẹ̀ láti kékeré. Báwo ni ohun tó ń pa ọmọ ṣe wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa? Ní ọdún 1954, oníṣègùn Anthony Allison tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ó sì fi hàn pé ọmọ tó jẹ́ AS ní ààbò lọ́wọ́ ibà ju ọmọ tó jẹ́ AA lọ. Níbi tí ibà bá ti ń pa àwọn ọmọdé, AS ń yè, ó ń dàgbà, ó ń bímọ, jíìnì S kò sì parẹ́. Nítorí náà, pásítọ̀ tó ní òun kò ní so tọkọtaya pọ̀ àfi kí òun kọ́kọ́ rí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di àbájáde ẹfolúṣọ̀n mú, ìbáà jẹ́ pé ó ti wàásù tako orúkọ náà ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ jìnnà sí i, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé wa ti ṣáájú yín dé ibẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ àgbáyé HapMap bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002 láti mọ bí jíìnì èèyàn ṣe yàtọ̀ síra káàkiri ayé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé 30 ní Ìbàdàn, baba, ìyá àti ọmọ, ìyẹn èèyàn 90. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń pe àkójọ yìí, YRI, Yorùbá ti Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí nípa ẹfolúṣọ̀n èèyàn tó ti jáde láti ìgbà náà ló sì lò ó. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ọdún 2010, nígbà tí àwọn onímọ̀ fi hàn pé àwọn ìyípadà kan nínú jíìnì APOL1, tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá, ń mú kí ẹ̀jẹ̀ lè pa irú kòkòrò àrùn oorun kan, ṣùgbọ́n pé ẹni tó bá gbà á láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá wà nínú ewu àrùn kíndìnrín ju àwọn mìíràn lọ. Àwọn dátà YRI yìí wà ní gbangba, ọ̀fẹ́ ni. Mo fẹ́ rí akẹ́kọ̀ọ́ láti Ọ̀jọ́ọ̀ tàbí Mókọ́lá tí yóò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé iwájú àpérò, tí yóò sì fi dátà náà ṣàlàyé ohun kan fún wa ní ìlú tí wọ́n ti gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn igbó náà kò ní ṣaláì rí ohun gbé wá. Ẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Malimbus ibadanensis, dúdú ni, pupa sì wà ní orí àti àyà rẹ̀. John Elgood, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹranko ní Ìbàdàn, ló kọ̀wé júwe rẹ̀ fún ayé ní ọdún 1958. Kò sí níbòmíràn lórí ilẹ̀ ayé ju apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà lọ, ó sì ti wà nínú àwọn tó lè parẹ́. Igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ní Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ jókòó síbẹ̀ ní òwúrọ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda, tó sì ka iye ìtẹ́ tó rí àti irú igi tí wọ́n so ó mọ́, ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún gbogbo ayé. Bákan náà ni igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO fi sínú àkójọ àwọn igbó tó ń dáàbò bò ní ọdún 1977, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀.

Ní ti igbó, mo fẹ́ kí ìjókòó ọ̀sán kan wà ní èdè Yorùbá pọ́ńbélé, kí ẹ pe ọdẹ àti àgbẹ̀ láti àwọn abúlé tí ẹ ti ṣiṣẹ́. Kí ẹ má ṣe pè wọ́n wá jó tàbí wá sun ìjálá fún àlejò. Ẹ ní kí wọ́n jókòó, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ohun tó rí ní ilẹ̀ wọn fún wọn, kí wọ́n sì sọ ibi tó ti tọ̀nà àti ibi tó ti ṣì í. Ọ̀rọ̀ tiwọn náà kò ní kọjá ìbéèrè. Bí ọdẹ bá ní ẹranko kan ti pọ̀ sí i, ẹ bi í bó ṣe mọ̀.

Ní ti àkókò, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá fún ọ̀rọ̀, márùn-ún fún ìbéèrè, kí ẹnì kan mú aago kékeré dání tí yóò máa lù bí àkókò bá pé. Kí ẹni tó bá pẹ́ dé wọlé ní ìdákẹ́jẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì. Kí ẹ sì gba iṣẹ́ tí èsì rẹ̀ kò jọ ohun tí wọ́n ń retí, tàbí tí kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn, bí wọ́n bá ti ṣe é dáadáa. Bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò bá mọ̀ pé wọ́n ti wá nǹkan kan tì níbì kan, yóò tún fi ọdún kan wá a níbẹ̀.

Owó máa ń jẹ́ ìṣòro, n kò ní í tan yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ohun tí àmì-ẹ̀yẹ onígíláàsì, àsíá gbàgede àti aṣọ ẹgbẹ́ ń gbà lọ́wọ́ yín, kí ẹ wá fi wé epo jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ méjì àti oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́, ẹ gba owó rẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ètò, ẹ má ṣe fún un ní ìdajì wákàtí láti fi ta ọjà rẹ̀. Ẹ kó gbogbo sláìdì sórí kọ̀ǹpútà kan ní alẹ́ tó ṣáájú, kí a má baà máa wo ògiri funfun nígbà tí ẹnì kan ń wá wáyà tó bá ẹ̀rọ rẹ̀ mu.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju owó lọ ni ìyanṣẹ́lódì àti pípààrọ̀ àwọn olóyè. Ní ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ilẹ̀kùn kíláàsì láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá. Àpérò tó bá wà ní orí ẹnì kan tàbí ẹnì méjì kò ní la irú rẹ̀ já. Torí náà, ẹ jẹ́ kí yunifásítì tí yóò gbà á lálejò lọ́dún tó ń bọ̀ ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ ti ọdún yìí. Kí ẹ sì kó àkékúrú, ìyẹn àlàyé ṣókí, nípa gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ jọ sínú ìwé kan, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé ìkàwé yunifásítì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ tó ka ọ̀pọ̀lọ́ létí odò má baà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lásán.

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò bá yín ka àwọn àkékúrú náà, tí yóò sì kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi àti àwọn ojúgbà mi díẹ̀ ti ṣe tán, a kò sì ní béèrè àga lórí pèpéle. Ẹ fi ìwé ètò ránṣẹ́ sí wa kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Iye ìṣẹ́jú tí ẹ kọ síwájú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni a ó kọ́kọ́ wò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko